Ẹni Tó Kẹ́yìn Ló Ń Kọ́kọ́ Jẹun

Mo júbà kí n tó la ẹnu. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa tó ni òru. Ìbà Alákétu. Ìbà ẹni tó gbẹ́ igi tí à ń gbé karí. Bí mo bá bú ẹnikẹ́ni lálẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kó dìjà láàárọ̀, nítorí ní ilẹ̀ Kétu, òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, ọ̀sán ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO pàápàá ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú àkójọ àjogúnbá aráyé ní 2008. Nítorí náà, bí mo bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má bínú: àjogúnbá ni mò ń tọ́jú.

Ẹni tó kàn lónìí, àbúrò mi kan ni ní Odòmẹ́ta, ní ilẹ̀ Kétu níbí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń fi ìka kà, tó ń dá sọ̀rọ̀ pé "ó ku méjì lókè, ó ku méjì lókè," òun náà ni. Ó lọ sí Kútọnu, ó lo ọdún díẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ilé ń retí pé yóò gun ọ̀kadà tuntun wọlé. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló gbé bọ̀, tí lẹ́tà mẹ́ta ti já sọnù lójú rẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́. Ìfẹ́ náà kì í ṣe ti obìnrin, ìbá tilẹ̀ sàn. Forth ni olólùfẹ́ rẹ̀ ń jẹ́.

Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe àrùn. Èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni. Charles Moore, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 bẹ̀rẹ̀, òun ló fi ń darí awò ńlá tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ìràwọ̀ ní orí òkè Kitt Peak, ní Arizona. Fourth ló fẹ́ pè é, bí ẹni ń sọ pé "ẹ̀kẹrin," ṣùgbọ́n ẹ̀rọ IBM 1130 tó ń lò kò gbà kí orúkọ fáìlì ju lẹ́tà márùn-ún lọ. Ni Moore bá gé u dànù. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: Amẹ́ríkà ń ju u nù lọ́hùn-ún, Faransé dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá Kétu tó ti ń jẹ́ Kétu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó fi o kan há a láàárín, ó di Kétou. Bí Moore bá ń wá lẹ́tà tí yóò fi dí ihò yẹn, kó wá mú o wa. A ò lò ó rí.

Kí ni Forth fi yàtọ̀? Ẹ lọ sí ilé olóúnjẹ. Ẹ wo àwo tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n tò léra wọn lórí tábìlì. Èyí tí wọ́n fọ̀ kẹ́yìn ló wà lókè, òun náà ni wọ́n ó kọ́kọ́ bu ìrẹsì sí. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tó ti débẹ̀ láti àfẹ̀mọ́jú, yóò máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Bí Forth ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà nìyẹn. Ẹni tó kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jẹun.

Mo ní, "Àbúrò, gbé òfin yìí lọ sídìí pọ́ǹpù láàárọ̀ ọ̀la. Sọ fún àwọn obìnrin tó ti tò láti ìdájí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé garawa dé ni kó kọ́kọ́ pọn. Bí wọ́n bá fi orí rẹ sílẹ̀ lọ́rùn, èmi náà yóò kọ́ Forth." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí àwa náà la ní Kẹ́hìndé tó dé gbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n. Mo dákẹ́. Ọmọ tó bá lè fi ìbejì jàre ẹni, kéèyàn máa ṣọ́ ọ.

Ìyà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí bàbá rẹ̀. Ẹ rántí pé Faransé ni wọ́n fi nà wá nílé-ìwé. Ní Faransé, pílì ni wọ́n ń pe ohun tó bá tò léra. Pílì náà ni wọ́n ń pe bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bàbá gbọ́ pé pílì wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ òun, pé gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, orí pílì ló wà. Bàbá gbé tọ́ọ̀ṣì wá, ó ti ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

"Fún mi ní méjì níbẹ̀."

"Bàbá, pílì yìí kò ní iná nínú."

"Kí ló wá wà nínú rẹ̀?"

"Nọ́ńbà ni, Bàbá."

Bàbá wo ọmọ, ó wo tọ́ọ̀ṣì, ó dé ìdí rẹ̀ padà. Ó ní, "Owó ilé-ìwé rẹ náà, nọ́ńbà ni."

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣirò. Bí èmi àti ẹ̀yin bá fẹ́ ro méjì pọ̀ mọ́ mẹ́ta, a ó sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, a ó sì dárúkọ àwọn tó kàn. Forth ní rárá, gbé ẹrù sílẹ̀ ná. Gbé méjì sílẹ̀, gbé mẹ́ta lé e, kí o tó sọ pé kí òun rò wọ́n pọ̀:

2 3 + .

Àmì tó kẹ́yìn yẹn, tó dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lára ògiri, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó gbé ìdáhùn jáde. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rọ ti ṣírò tán, ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ bí ọmọ tó mọ ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Ó ń ṣàlàyé èyí bí ẹni tó ti Ìlú Ọba dé. Mo ní kò ṣàjèjì sí wa. Orúkọ ìlú wa gan-an, Odòmẹ́ta, bí etí mi ṣe ń gbọ́ ọ, odò ló kọ́kọ́ dúró kí mẹ́ta tó dé. Ẹ má wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà lórí ìtumọ̀ o: etí ẹlẹ́fẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí òpìtàn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e lọ sórí nọ́ńbà Yorùbá, kò sì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó sáré jáde pé òun ti kọ́ Forth ní márùndínláàádọ́ta:

20 3 * 10 - 5 - .

Ogún lọ́nà mẹ́ta, ó di ọgọ́ta. Mú mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta. Mú márùn-ún kúrò, ẹ̀rọ gbé 45 jáde. Ó ní kí n tún wo idán kan: márùn-ún ló kẹ́yìn nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n bí a bá ń pe márùndínláàádọ́ta, òun ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. Àwo òkè! Ó gbé e lọ fi han ìyá rẹ̀ tó ń ta tòmátì. Ìyá kò yíjú kúrò lára oníbàárà. Ó ní, "Mo ti ń yọ mẹ́wàá nínú ọgọ́ta kí n tó lóyún rẹ. Bi ẹ̀rọ yẹn bóyá ó ní ṣéńjì."

Ọ̀rọ̀ inú èdè náà kò pọ̀, ìyẹn ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ fi ń yangàn. DUP yóò bí ìbejì fún àwo tó wà lókè. DROP yóò gbé e sọnù. SWAP yóò mú kí méjì òkè pààrọ̀ àyè. OVER yóò ṣe ẹ̀dà ẹnì kejì, yóò gbé e gun ẹni àkọ́kọ́ lórí. ROT yóò fa ẹnì kẹta láti ìsàlẹ̀, yóò gbé e jókòó sókè pátápátá. Mo ní, "Àbúrò, o ò kọ́ nǹkan tuntun. Òṣèlú ni o kọ́." Ìlérí ọdún yìí, DUP ti ọdún tó kọjá ni. Olóṣèlú méjì tó pààrọ̀ ẹgbẹ́, SWAP ni. Ẹnì kẹta tí a kò dìbò fún, tó ṣàdédé jókòó lókè, ROT ni wọ́n fi fà á. Àwa tó to ìlà nínú oòrùn láti dìbò ńkọ́? DROP.

Ohun tó tún wù ú nínú Forth ni pé ó lè dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Àmì méjì tó léra ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àmì kan tó ní ìrù ló fi ń parí:

: ilopo DUP + ;

Láti ìgbà náà lọ, bí o bá kọ 7 ilopo . ẹ̀rọ yóò dáhùn pé 14. Inú ọmọ dùn: kọ̀ǹpútà ń gbọ́ Yorùbá! Àfi pé kò sí àmì ohùn lára bọ́tìnnì rẹ̀. Ló bá kọ ètò kan fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó dá oko sílẹ̀, ilẹ̀ tí à ń ro. Ó tún dá oko sílẹ̀, ọkọ́ tí a fi ń ro ó. Ó dá oko mìíràn, ọkọ̀ tí yóò kó àgbàdo lọ sọ́jà. Ó tún dá oko kan, ọkọ ìyá olóko. Forth kò jà. Ó kàn ń sọ pé òun ti tún oko dá, tuntun bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ tó ti kọ ṣáájú ṣì ń bá oko ìgbà tiwọn lọ. Nígbà tó fi máa tan ètò náà, ọkọ ìyá ni wọ́n ń kó àgbàdo sí lẹ́yìn, ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ ebè. Oko kan tún wà tí n kò kà mọ́ ọn. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọdé ń kàwé yìí, ẹ jẹ́ ká fi sábẹ́ ṣòkòtò.

Gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yìí, kí ni ẹ̀rọ ń wí? "ok." Bí ó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tán, ok ló ń kọ. Ro ọjọ́ orí bàbá ẹ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà tẹlifóònù àna ẹ, ok. Pín ewúrẹ́ sí ọjọ́ Àìkú, ok. Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀ lójú Forth, kì í bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ó dà bí àna tuntun tí kò tíì gba ìyàwó: kò sí ohun tí ẹ wí tí kò dára. Ohun kan wà tó máa ń bí i nínú: bí o bá nawọ́ mú àwo níbi tí àwo ti tán. Yóò pariwo pé ìsàlẹ̀ ti ya, yóò pa iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ tì. Níbí ni mo ti gbà fún un. Bí àwọn tó ń kó owó ìlú bá lè máa pariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí àpò bá gbẹ, ayé ì bá dùn.

Bí o bá wá bú Forth jù, ìdáhùn kan ló ní: "Ẹ̀gbọ́n, Forth ti dé ojú ọ̀run." Òótọ́ ni o. Ọdún 2004 ni àwọn ará Yúróòpù rán ọkọ̀ Rosetta lọ bá ìràwọ̀ onírù kan tó ń jẹ́ 67P. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2014, ó sọ ọmọ rẹ̀, Philae, kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ọpọlọ Philae jẹ́ ẹ̀rọ RTX2010, Forth ni wọ́n fi kọ ọ́ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kì í sọ ìyókù. Ìkọ́ tó yẹ kó fi di ilẹ̀ mú kò yọ. Philae balẹ̀, ó fò sókè, ó tún balẹ̀, ó tún fò, ó lọ há sábẹ́ òkúta níbi tí oòrùn kò tó. Lẹ́yìn nǹkan bí 60 wákàtí, pílì rẹ̀ tán. Mo ní, "Ọdún mẹ́wàá lójú ọ̀nà, ẹ débẹ̀ tán, iná lọ. Àbúrò, ṣé ojú ọ̀run lo sọ ni, àbí Odòmẹ́ta?"

Ó ní ká tiẹ̀ fi ojú ọ̀run sílẹ̀, Forth ti dé Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà kékeré aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní XO, tí wọ́n fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Galadima, ní Àbújá, ní 2007 láti fi dánra wò, Forth ló ń jí ẹ̀rọ náà kí ohunkóhun tó jí nínú rẹ̀. Òun kan náà ló ń jí àwọn ẹ̀rọ Apple kan láyé àtijọ́. Mo ní ó yé mi: ìyàwó kékeré ni. Òun ló ń jí gbálẹ̀ kí ilé tó mọ́, kò sì sí àlejò tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ó wá jọ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn wọ̀ ọ́ lára, nítorí kò pẹ́ tó fi fẹ́ ìkejì. Uxn. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é, bí ẹni ń fọn imú ni. Àwọn oníṣẹ́-ọnà méjì, Rekka Bellum àti Devine Lu Linvega, tí wọ́n ń gbé nínú ọkọ̀ ojú omi Pino, ló gbé e jáde ní 2021. Ara oòrùn ni wọ́n ti ń rí iná lójú òkun, íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣọ̀wọ́n, ni wọ́n bá kọ́ kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ètò lásán, tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ àlòkù èyíkéyìí lè gbé e. Gbogbo ìrántí rẹ̀ kò ju 65,536 lẹ́tà lọ. Mo ní kó gba fọ́tò ìnáwó tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp sínú rẹ̀. Kò gbà á. Gèlè nìkan kún ilé, ojú ìyá kò ráyè wọlé.

Pílì méjì ni Uxn ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 256. Bí ó ṣe gbọ́ 256, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ babaláwo. "Bàbá, 256! Bí Odù Ifá! Kọ̀ǹpútà ni Ifá!" Bàbá ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ jọ. Ó ní, "Ó dáa. Bí mo bá da tèmi, wọ́n ń gbé adìẹ wá. Kí ni wọ́n ń gbé wá sídìí tìrẹ?"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn tilẹ̀ ń múra de òpin ayé. Virgil Dupras, ní ilẹ̀ Kánádà, ti fi Forth kọ Collapse OS, ètò tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣà ní ààtàn lọ́jọ́ tí kò bá sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà mọ́. Mo ní, "Àbúrò, òpin ayé ti dé Kétu rí. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì fọ́ ìlú, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́jọ kí ìlú tó tún gbérí. Nígbà tí àwọn tó kù padà dé ẹnubodè Àkàbà Ìdènà, irúgbìn ni wọ́n wá, ọkọ́ ni wọ́n wá. Ṣé o gbọ́ pé ẹnì kan béèrè kọ̀ǹpútà?"

Bí mo ṣe kọ ẹ̀fẹ̀ mi tán nìyẹn. Mo lọ kà á sí i létí lábẹ́ máńgòrò, kí ó má baà ní mo bú òun lẹ́yìn. Bí mo ṣe ń kà, ó ń ka ìka. Mo rò pé ẹkún ló ń kà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tò ó tán?"

Mo ní mo ti tò ó tán.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Láti òkè ni n ó ti máa mú un.

"Ẹ ní kò sí ẹni tó béèrè kọ̀ǹpútà ní 1886. Ẹni tó béèrè akọ̀ròyìn ẹlẹ́fẹ̀ dà?

"Ẹ ní gèlè kò wọ ilé mi. Fóònù yín tó gba gbogbo gèlè Kétu, kí lẹ mọ̀ nínú rẹ̀? Ilé tèmi kéré, ṣùgbọ́n kò sí yàrá tí n kò wọ̀.

"Ẹ ní Philae ṣubú lójú ọ̀run. Ẹ̀fẹ̀ yín, ó ti kọjá Òpómẹ́ta nítòsí yìí rí?

"Ẹ ní Forth ń sọ ok sí gbogbo nǹkan. Nígbà tí ìyàwó yín ní kí ẹ ra kẹ̀kẹ́ oníná fún òun, kí lẹ dáhùn?

"Ẹ ní oko mi dàrú. Lóṣù tó kọjá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹ ra ọkọ tuntun lọ́jà. Ọkọ́ lẹ ní lọ́kàn. Gbogbo Odòmẹ́ta ló ń kí yín kú ìnáwó.

"Ti òṣèlú, mo DROP ìyẹn. Ìbò ń bọ̀, mo ṣì ń gbé nílé bàbá mi.

"Ẹ ní ìyá mi kò wo 45 mi. Ẹ ò mọ̀ pé ó padà wá bá mi, ó ní kí n bá ẹgbẹ́ wọn ṣírò àjọ."

Mo ní, "Ó bọ́ sí i?"

Ó wolẹ̀. "Ẹni tó dá kẹ́yìn ló kọ́kọ́ kó o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń wá mi. Ẹ rò pé nítorí òjìji ni mo ṣe ń jókòó sábẹ́ máńgòrò?"

Ó mú àwo tó kàn. "Pílì Bàbá. Mo ti ra méjì fún wọn, oníná. Lẹ́tà o tó wà nínú Kétou, ẹ má fún Moore. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tó já lára kọ̀ǹpútà mi nìyẹn, èmi ni mo nílò rẹ̀."

Àwo kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀. Ìbà ni, torí òun ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn, n kò fọwọ́ kàn án. Ti àwọn ìyá wa ni."

Àkùkọ kọ. Mo fẹ́ bú u lẹ́ẹ̀kan péré sí i kí n tó lọ sùn. Mo nawọ́ sí àwo, ìbà nìkan ló kù. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

ok